Ògún Kọ́ Ló Pa Ajá Náà

Bí ọkọ̀ bá pa ajá lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Ọ̀yọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu kọ̀ndọ́: "Ògún ti jẹun." Àwọn èrò á ní kí Ògún má fi tiwọn jẹ. Ẹlòmíì á tiẹ̀ máa dúpẹ́ pé jàǹbá tó ń bọ̀ wá bá àwọn ti bá ajá lọ. Dírẹ́bà ò ní tẹ bíréékì, ọkọ̀ á máa lọ. Lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, ajá tí kò tíì kú á máa fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ lọ sínú koríko, ọmọdé tó ń jù ú ní egungun ẹran lálẹ́ á sì máa sáré bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

Mi ò bá Ògún jà. Ògún ló nirin, ajá sì ni oúnjẹ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun, látorí alágbẹ̀dẹ dé orí ọdẹ àti awakọ̀, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn awakọ̀ tó ń bọ Ògún ní gáréèjì, owó ni wọ́n ń dá jọ tí wọ́n fi ń ra ajá tí wọ́n ń pa. Olówó ajá gbowó, ó fa okùn lé wọn lọ́wọ́. Ta ló wá sọ fún wa pé ajá tí a kò rà, tí olówó rẹ̀ kò yọ̀ǹda, tí a kàn fi táyà tẹ̀ mọ́lẹ̀, ti di ẹbọ? Ohun olóhun tí a bà jẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká fi í sínú eré rẹ̀ The Road, tó jáde ní 1965: ọmọ ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń bá awakọ̀ rẹ̀ wí pé kì í pa ajá fún Ògún, ẹ̀rù sì ń bà á pé orí òun ni Ògún á ti gbà á. Ṣóyínká yìí kan náà ló wà nídìí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, òun sì ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé e kalẹ̀ ní 1988. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ọkùnrin náà kò mọ Ògún. Síbẹ̀, kò fi títì sílẹ̀ fún Ògún nìkan.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yọ Ògún kúrò nínú ẹjọ́ yìí. Èèyàn méjì ló kù: ẹni tó tú ajá sílẹ̀, àti ẹni tó wa ọkọ̀.

Ẹni tó lajá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí, torí òun ni nǹkan ń ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì rọrùn fún jù láti dènà rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa tó wà létí títì, kò sẹ́ni tó ń so ajá. Ìyókù èbà lajá ń jẹ, ibi tó bá wù ú ló ń sùn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ọ̀dà títì ṣì máa ń gbóná fún ìgbà díẹ̀ ju ilẹ̀ lásán lọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ajá á sì lọ nà gbalaja sórí rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọkọ̀ tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ àwọn lọ́nà ń sáré jù. Bí bàbá bá ń lọ sóko, ajá á tẹ̀ lé e. Bàbá á ti sọdá, ajá á ṣì máa gbóòórùn nǹkan lódì kejì. Ìgbà tó bá rántí olówó rẹ̀ ni yóò já lu ọ̀nà láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Bí abo ajá kan bá sì ń wá akọ, akọ mẹ́rin, márùn-ún ló máa tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí wọn ò ní rí ohun mìíràn láyé mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti mọ́tò.

Bí ajá bá ti wá kú báyìí, òwe kan ló máa ń yá wa lẹ́nu: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. À ń fi òwe yẹn di ẹ̀bi ru ajá. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa: ọdẹ inú rẹ̀ fọn fèrè. Ó ṣe tirẹ̀. Ìwọ tí o kò fọn fèrè, tí o kò so ajá mọ́lẹ̀, tí o kò tiẹ̀ mọ ibi tó sùn mọ́jú, òwe náà ò gbè ọ́.

Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ so ajá mọ́ igi tọ̀sán tòru. Ajá tí wọ́n bá so bẹ́ẹ̀ yóò ya òǹrorò, ọjọ́ tó bá sì já okùn, ọmọ ará ilé ni yóò kọ́kọ́ bù jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ mọ ìgbà tí ọkọ̀ ń pọ̀ lójú títì tiyín. Lọ́jọ́ ọjà, láàárọ̀ tí àwọn ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, àti láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ so ó. Bí ẹ bá ní ọgbà, ẹ ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ́ mú un sọdá, okùn ni kí ẹ fi mú un, kì í ṣe kí ẹ máa pòṣé sí i látòdì kejì. Akọ tí ẹ kò bá fẹ́ fi bímọ, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kì í sábà rìn jìnnà mọ́. Ẹ fi ìgbànú kékeré sí i lọ́rùn, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára rẹ̀ pẹ̀lú báírò tí omi ò lè pa rẹ́. Téèpù pupa àti funfun tí àwọn onítírélà ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tó ń tàn yanran bí iná bá bà á, ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ìgbànú náà. Dírẹ́bà tó ń bọ̀ lóru á rí i kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ náà, ẹ gbọ́. Ṣaworo tí ẹ so mọ́ ajá lọ́rùn, inú igbó ló wúlò fún. Ẹni tó ti gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, tó tan èrọ amúlétutù, tó sì fi orin sí i, kò lè gbọ́ ṣaworo. Bí ẹ bá ń kó ajá sọdá títì lóru, kí ẹnì kan ṣíwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ó kan ẹ̀yin awakọ̀. Òfin ìrìnnà ilẹ̀ yìí ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan lórí òpópónà márosẹ̀, 80 lórí àwọn títì yòókù tó so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú, àti 50 níbi tí ilé bá wà. Abúlé tó ní ilé mẹ́wàá lọ́tùn-ún, ilé mẹ́wàá lósì, tí ìyá kan ń sun àgbàdo létí títì rẹ̀, ibi tí ilé wà ni. Ojú tí ọ̀pọ̀ wa fi ń wò ó kọ́ nìyẹn. Tí kò bá ti sí bọ́ǹpù tàbí ọlọ́pàá níbẹ̀, eré àsápajúdé tí a bá bọ̀ náà la ó fi kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 nílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìwé òfin ojú pópó tí wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba ṣírò rẹ̀ pé láti ìgbà tí awakọ̀ bá rí nǹkan níwájú títí ọkọ̀ yóò fi dúró pátápátá, ó máa gba nǹkan bíi mítà 53 ní irú eré yẹn. Bó bá jẹ́ eré tó tó kìlómítà 48 ni, mítà 23 ti tó. Mítà 53, ìdajì pápá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ọkọ̀ tí bíréékì rẹ̀ pé, tí táyà rẹ̀ dára, lórí títì gbígbẹ, ni wọ́n fi ṣírò. Wọn ò fi Mícra tó kó èrò mẹ́fà, tó gbé àpò gààrí mẹ́ta sínú búùtù, tó wọ táyà tòkunbọ̀ tó ti jẹ dan, ṣe é. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá sọ fún mi pé ajá náà "ṣàdédé já wọ títì," ìbéèrè tí mo máa bi í ni pé: eré mélòó lo ń sá?

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ajá. Èèyàn ni. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló máa ń gbá sítíárìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá rí ajá lójijì. Kì í ṣe pé wọ́n rò ó. Ọwọ́ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bí ó bá gbá a sósì, ó ti wọ ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì sì lè wà níbẹ̀. Bí ó bá gbá a sọ́tùn-ún, kòtò, igi tàbí àwọn ọmọ tó ń rìn létí títì ló ń dúró dè é. Lórí eré 80 tàbí 100, ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ́ kọ́nà rẹ̀ lójijì bẹ́ẹ̀ lè yí gbirigbiri, pàápàá èyí tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, bó bá di ọ̀ràn-an-yàn láàárín ajá kan àti èèyàn mẹ́jọ tó wà nínú Sienna, mi ò ní ṣe àgàbàgebè: ẹ di sítíárìn mú ṣinṣin, ẹ tẹ bíréékì, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ tààrà. Bí ajá bá yè, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá yè, ẹ dúró. Ìdúró yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, tiyín tún le jù. Ajá tó bá wọ abẹ́ táyà iwájú alùpùpù, ọlọ́kadà ni yóò kọ́kọ́ fi orí gúnlẹ̀. Ẹ dé akoto, kí ẹni tí ẹ gbé náà dé e, kí ẹ sì dín eré kù kí ẹ tó dé iwájú abúlé. Ajá kan wà tó máa ń lé alùpùpù, tó ń gbó, tó ń wá ẹsẹ̀ bù jẹ. Bó bá lé yín, ẹ má ta á nípàá lórí eré. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ dín eré kù wọ́ọ́rọ́, ajá náà á rẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún mọ ìwà ajá díẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó sọdá, ẹ máa retí èkejì. Ajá tó ti dé àárín títì lè tún ṣẹ́rí padà sí ibi tó ti wá, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé "ó ti lọ ná" kí ẹ wá tẹ iná sí i. Ẹ ti ọ̀nà jíjìn tẹ fèrè, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fèrè tó bá dún mọ́ ajá létí lójijì lè mú kó dúró gbagidi. Iná gíga náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i lóru. Bí ẹ bá sì rí ohun méjì tó ń tàn bíi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé nínú koríko, ojú ẹran ni, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Wàyí o, ajá ti kú, àwọn ará abúlé ti jáde. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé igi dínà. Ajá tí kò pa eku kan rí á di ajá tó ń pa ẹtu, owó rẹ̀ á sì máa lọ sókè bí ẹni tó ń dá sí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe ń pọ̀ sí i. Dírẹ́bà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀: bọ́ńpà ti fọ́, rédíétọ̀ ń jò, èrò ń bínú. Ibi tí wọ́n bá ti ń pariwo bẹ́ẹ̀, tí Baálẹ̀ bá gbọ́n, kò ní dá owó kankan kó tó rìn dé ojú títì fúnra rẹ̀. Yóò wo ibi tí àmì táyà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, bí ó bá tiẹ̀ sí. Yóò bi olówó ajá pé níbo ni ajá wà ní aago yẹn, ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Yóò bi dírẹ́bà pé ṣé ó rí ilé ẹ̀kọ́ tó wà níwájú.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fi ṣe Baálẹ̀, báyìí ni mo ṣe máa dá a. Ajá tó kú níwájú ilé, lọ́sàn-án, níbi tó yẹ kí ọkọ̀ ti máa sá 50, awakọ̀ ni yóò ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà, kódà bí ajá náà kò bá ní okùn lọ́rùn. Ibi tí ajá lè wà, ọmọ lè wà níbẹ̀. Ajá tó kú lórí márosẹ̀ tàbí láàárín igbó lóru, tí awakọ̀ kò kọjá òfin, olówó ajá ni kó ru tirẹ̀, bí bọ́ńpà ọkọ̀ bá sì fọ́, kó má retí kóbọ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Nínú méjèèjì, ẹni tó bá sá lọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ̀bi. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá sì na dírẹ́bà, tàbí tí wọ́n fọ́ gíláàsì rẹ̀, ọ̀ràn ọlọ́pàá ni wọ́n dá, kò sí ajá tó máa gbà wọ́n là. Bí dírẹ́bà bá rí i pé ìbínú ti pọ̀ jù, kó má dúró jẹ ìyà. Kó wakọ̀ lọ tààrà sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ jù, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí èèyàn bá farapa, 122 ni nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, kò gba owó.

Ẹlòmíì á ní òfin ńkọ́? Òfin wà, ṣùgbọ́n kò tó bí a ṣe rò. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tiwa, ní abala 495, sọ pé ẹni tó bá fi ìkà lu ẹran tàbí tó dá a lóró lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura tàbí kó san owó ìtanràn 50 náírà. Náírà àádọ́ta! Ẹ kò nílò kí n sọ fún yín ohun tí ìyẹn lè rà lónìí. Èèṣì kì í ṣe ìkà, nítorí náà abala yẹn kò kan awakọ̀ tí ajá já lù. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ajá, tó ní àyè láti dín eré kù, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ gbá a torí ó fẹ́ fi bọ Ògún, kó má rò pé òun wà lábẹ́ ààbò àṣà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹjọ́ àìbìkítà ló kù, níbi tí adájọ́ yóò ti wo ẹni tí kò ṣọ́ra, ó sì lè pín ẹ̀bi náà láàárín ẹni méjèèjì.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ wa lófin yẹn náà kò tètè rí ojútùú sí i. Ní 1947, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Searle àti Wallbank, níbi tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lóru ti kọlu ẹṣin tó já wọ títì. Wọ́n ní olówó ẹṣin kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè pé kó dí ọgbà rẹ̀ nítorí àwọn tó ń gba títì. Ó di 1971 kí wọ́n tó ṣe òfin tó fagi lé ìyẹn, tó sì ní kí olówó ẹran náà máa ṣọ́ra bí ẹlòmíràn. Òfin 1971 yẹn tiwọn ni, kì í ṣe tiwa. Agbẹjọ́rò olówó ajá lè gbé ẹjọ́ 1947 sílẹ̀ níwájú adájọ́ níbí, kí ẹjọ́ bọ́ńpà kan sì pẹ́ nílẹ̀ ju bọ́ńpà náà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ parí rẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

Ẹ má sì retí ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ adójútòfò. Ìwé adójútòfò ẹni-kẹta tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní, tó di 15,000 náírà fún ọkọ̀ àdáni láti oṣù kìíní 2023, tí àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lójú títì láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025, kò ní tún bọ́ńpà tiyín ṣe. Ẹlòmíràn tí ẹ ṣe léṣe àti dúkìá rẹ̀ tí ẹ bà jẹ́ ló wà fún. Èyí tó gbówó lórí nìkan ló lè tún ọkọ̀ tiyín ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń wakọ̀ ní Ìlú Ọba, ẹ má gbé àṣà "Ògún ti jẹun" lọ sọ́hùn-ún. Òfin ìrìnnà wọn ti 1988 to orúkọ ẹran lẹ́sẹẹsẹ: ajá, ẹṣin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìbaaka, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́. Bí ọkọ̀ yín bá ṣe ọ̀kan nínú wọn léṣe, ẹ gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹ fún ẹni tó bá ní ìdí láti béèrè ní orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti nọ́ńbà ọkọ̀. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bó ṣe sábà máa ń rí lójú ọ̀nà oko wọn tóóró tóóró yẹn, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí ní kíá, kó má kọjá wákàtí 24. Ẹni tó bá sá lọ lè fojú ba ilé ẹjọ́. Ológbò kò sí nínú òfin yẹn. Mi ò mọ ohun tí ológbò ṣe wọ́n. Ní New York, wọ́n fi ológbò kún ti ajá, ẹṣin àti màlúù. Ẹ̀yin tó sì ń sin ajá ní Ìlú Ọba náà, ajá tó bá jáde síta gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n sì ti sọ ọ́ di dandan ní England láti 2016 pé kí gbogbo ajá ní ike kékeré onínọ́ńbà lábẹ́ awọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ajá tó farapa, ibẹ̀ sì ni ewu gidi wà. Ajá tó ń jẹ̀rora kò mọ olóore. Ajá yín tó ń la yín lọ́wọ́ láàárọ̀ lè bù yín jẹ lọ́sàn-án bí egungun rẹ̀ bá ti ṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi àmì sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹlòmíràn má bàa wá gbá ẹ̀yin náà. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ajá. Bí kò bá máa bì, tí kò sì ṣòro fún un láti mí, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹní tàbí pákó gbé e bí ẹni gbé aláìsàn, torí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti ṣẹ́. Dókítà ẹranko ìjọba wà ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta. Bí ajá bá ti kú, ẹ fà á kúrò lójú títì kí ẹ sì sin ín. Òkú ajá tó bá wà lójú ọ̀nà máa ń pe ajá mìíràn àti igún wá, awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì tún máa yà fún wọn.

Ẹ tún ronú nípa àrùn dìgbòlugi. Ajá tó ń rìn tàgétàgé lójú títì lọ́sàn-án gangan, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí kò bẹ̀rù ọkọ̀ tí kò bẹ̀rù èèyàn, ó lè jẹ́ pé àìsàn ló gbé e wá síwájú ọkọ̀ yín. Inú itọ́ àti ọpọlọ irú ajá bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà wà. Bó bá bù yín jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ata, kì í ṣe irun ajá náà tí a sun. Kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ ajá tó wà láàyè ni, dókítà lè ní kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí tí mọ́tò ti pa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣọ́ mọ́, nítorí náà ẹ má dúró. Bí dìgbòlugi bá ti fi àmì hàn lára èèyàn, ikú ló máa ń já sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wo òkú ajá náà bí ẹran ọ̀fẹ́. Mi ò bá ẹni tó ń jẹ ẹran ajá, èyí tí wọ́n ń pè ní 404, jà. Oúnjẹ ẹlòmíràn ni, ní Oǹdó àti níbòmíràn. Iná ìdáná lè pa kòkòrò àrùn náà, ṣùgbọ́n kí ẹran tó dé orí iná, ẹnì kan ló máa gé orí, tó máa la egungun, tí ọ̀bẹ sì lè ti gé lọ́wọ́. Ajá tí ẹ kò mọ olówó rẹ̀, tí ẹ kò mọ̀ bóyá ó gba abẹ́rẹ́, ilẹ̀ ni kó jẹ ẹ́.

Abẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo ajá lọ́wọ́ dìgbòlugi kì í ṣe ohun tó jìnnà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, nípínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é níbí. Ọmọ ajá lè gbà á bó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni gbogbo àgbáyé fi ń rántí àrùn dìgbòlugi, ní àsìkò náà sì ni àwọn dókítà ẹranko ní ibi púpọ̀ máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ẹ bá ń mú ajá yín lọ, ẹ fi okùn sí i lọ́rùn, torí ẹ̀gbẹ́ títì náà lẹ máa gbà.